Àtàǹpàkò Kì í Kọ Ebè

"Bí ẹ bá tún gbọ́ pé èmi Adégbóyèga gbàgbé nǹkan kan ní Òkè-Òpin yìí, kí ẹ fi orúkọ mi sọ ajá yín!"

Ojúde ilé rẹ̀ ló ti sọ ọ́, tó na fóònù tuntun tó rà ní Òsì sókè kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Fóònù yìí á dún láti rán an létí, òun á mu omi. Á tún dún, òun á fún ewúrẹ́ lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan ó dún níbi tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń gúnyán, ọkùnrin náà wò ó fìrí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o rẹwà, o ṣeun."

"Baba Dárasími, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ni, àbí fóònù?"

"Àwa méjèèjì ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ebè kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti sá lọ. Èèbù iṣu ti ń hu nínú abà. Bí oòrùn bá gbẹ ilẹ̀ padà kí wọ́n tó kọ ebè, èèbù á jẹrà, wọn á sì di àgbẹ̀ tó ń ra iṣu jẹ. Oko náà ju agbára ẹnì kan lọ, àáró nìkan ló lè ká a: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Adégbóyèga ti ṣe ti gbogbo wọn, ó wá kan tirẹ̀.

Ó kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí Wasáàpù: "Àáró kàn mí. Lọ́la, ní oko mi, kùtùkùtù." Kíá, àwòrán àtàǹpàkò mẹ́ta wọlé: ti Baba Olóyèdé tó dàgbà jù, ti Hassan, àti ti Adéyẹyè ọdẹ.

"Ṣé ẹ ti lọ pè wọ́n?" ni Àbẹ̀kẹ́ bi í.

"Wọ́n ti fún mi ní àtàǹpàkò."

"Ẹ lọ pè wọ́n o."

Ilẹ̀ mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ru ìkòkò àdàlú dé oko. Fóònù dún: "Àáró ti yá." Kò sẹ́ni tó yọjú àfi oòrùn. Fóònù tún dún: "Mí kanlẹ̀." Adégbóyèga mí kanlẹ̀, ó sì jáde bí igbe. Ó kọrí sí ìlú, ó ń to èébú lẹ́nu bọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baba Olóyèdé ló ti bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti wọ aṣọ oko. Ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú.

"Kí lẹ ń dúró dè?"

"Ìwọ ni," Baba dáhùn.

"Ẹ ò rí ohun tí mo kọ ni?"

"A rí i. A sì fi àtàǹpàkò sọ fún ọ pé a rí i. Ta ló wá pè wá?"

Adéyẹyè wúkọ́. "Ajá mi bímọ lánàá o. Ọ̀kan ò tíì lórúkọ."

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí àáró bá kàn ní í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ilé dé ilé nírọ̀lẹ́, tí á ní, "Mo wá pè yín o." Ẹni tí a kò pè kì í gbé ọkọ́ wọ oko olóko. Èébú tó tò wá tú dànù. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ tí Hassan wá pe òun, tó rí i pé òun ń tiro, tó ní kóun má wulẹ̀ tètè dé. Fóònù lè rán ni létí. Ta ni fóònù máa bẹ̀ wò, ta ni yóò rí tó ń tiro? Ìrìn yẹn gan-an lòun sì ń pè ní ìfàkókòṣòfò.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Mo wá pè yín o."

"A ti ń bọ̀!"

Wọ́n dé oko, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ jẹun. Baba Olóyèdé nu ẹnu. "Láyé àwọn baba wa, ẹ̀rọ ò pe àáró rí."

"Baba," ni Hassan wí, "ṣebí orí fóònù lẹ ti ń pe ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

"Ìyẹn yàtọ̀! Àdúrà nìyẹn!"

"Àdúrà ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Àdàlú fẹ́ẹ̀ há Adéyẹyè lọ́fun. Adégbóyèga ní ojútùú ti dé: òun á ní kí fóònù máa rán òun létí láti fẹsẹ̀ rìn. Baba ní ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Kò pẹ́, ó ní kó bá òun náà ṣe é sórí tòun. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí irú agogo tó yẹ kó máa dún.

Àbẹ̀kẹ́ ń kó àwo. Ó wo ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ salalu, ó wo oòrùn tó ti dé àtàrí.

"Ebè kan ò tíì sí nílẹ̀," ló wí.