Síláàbù Tí Wọ́n Ń Gbé Kiri

Abẹ ti dé abẹ́ àgbọ̀n Àbúrò nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó sì fẹ́ yí ọrùn.

"Má mira," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó fi ìka méjì ti orí náà padà sáyè rẹ̀, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí kì í pa dé.

"Bàbá, ẹ rọra o," ni oníkámẹ́rà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wí. "Ọnọ́rébù lẹ ń bá wí yẹn."

"Ọ̀túnla ni ìbò. Títí dìgbà náà, orí lásán ni."

Àbúrò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí abẹ. Ó tẹ fóònù, ó gbé e sórí itan, ohùn sì jáde síta kedere. Dírẹ́bà lọ́rì ni.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ọjọ́ Ajé náà ni ká wá kó àwọn síláàbù yẹn kúrò? Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ti ń pè mí. Tiwọn náà ti fẹ́ dìbò."

"Pè mí padà," ni Àbúrò wí. Ó pa fóònù.

Abẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ó tún ń lọ.

Kì í ṣe pé Àbúrò ni orúkọ ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára ògiri: fọ́tò rẹ̀ lókè, "ÀBÚRÒ NI" lábẹ́ rẹ̀, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, àbúrò yóò parí rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni aṣòfin àdúgbò. Ó kú kí ọdún rẹ̀ tó pé nílé ìgbìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló la ẹnu níbẹ̀: ó ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé. Nígbà tó kú, àwọn aṣòfin yòókù dìde dúró fún un, wọ́n jókòó padà, òfin sì ní kí wọ́n dìbò yan ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ wá kiri. Àbúrò ni wọ́n rí, níbi tó ti ń ta táyà. Kò mọ nǹkan kan nípa òfin, ṣùgbọ́n imú òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bára mu. Wọ́n ní imú náà tó. Ìgbà tí wọ́n yàn án tán ni àwọn ará àdúgbò tó gbọ́. Onígbàjámọ̀ mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹgbẹ́ ò mọ̀ ọ́n.

Onígbàjámọ̀ yìí ló máa ń gẹ irun fún òkú náà nígbà ayé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú àbúrò wá, tí wọ́n fi gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n sétí dígí. Wọ́n fẹ́ irùngbọ̀n kan náà. Wọ́n fẹ́ kí ó la irun ní apá òsì bíi ti olóògbé. Onígbàjámọ̀ wo apá òsì. Irun tí ènìyàn yóò là kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó la á ní apá ọ̀tún. Àbúrò wo fọ́tò, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní ó bára mu gẹ́lẹ́.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ wà níta. Gọ́tà ni. Kí wọ́n tó dìbò yàn án, ó mú katapílà wá gbẹ́ ẹ láti òkè òpópónà dé ìsàlẹ̀, ó fi síláàbù kọnkéré bò ó, ó ya fọ́tò lórí rẹ̀. Kò fi sìmẹ́ńtì so ọ̀kan mọ́ èkejì. Lọ́jọ́ kejì ìbò, lọ́rì wá kó gbogbo wọn lọ. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní. Ibi tí ìbò bá wà ni síláàbù ń lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyàwó onígbàjámọ̀. Ní ìdájí, ó gbé garawa omi ìdọ̀tí jáde bó ti máa ń ṣe, ó sì gbẹ́sẹ̀ síbi tí síláàbù wà lánàá. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Bíríkìlà tó wà ní ẹnu ọ̀nà kejì ló gbé e jáde.

Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí àwọn ará òpópónà yìí kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń fò ó.

Láti ìgbà náà, obìnrin náà ò tíì dé títì. Ọkọ rẹ̀ tẹ́ pákó sórí gọ́tà fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n ọ̀pá méjì tó ń kì sí abíyá ń yọ̀ lórí pákó. Inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí, lẹ́yìn kọ́tìnì. Tí wọ́n bá fa kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́, ó ń rí òpópónà nínú dígí ńlá ọkọ rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sọ́tùn-ún ń lọ sósì. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì.

Nínú dígí náà ló ti rí lọ́rì lọ́sẹ̀ yìí.

"Wọ́n ti gbé wọn dé," ló wí.

"Wọ́n á tún gbé wọn lọ," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Báyìí, dírẹ́bà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Onígbàjámọ̀ nu ọṣẹ kúrò lára abẹ.

"Kí ni dírẹ́bà fẹ́ wá kó?"

"Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹrù mìíràn ni," ni Àbúrò wí.

"Mo létí."

Àbúrò mí kanlẹ̀. "Bàbá, ìṣèlú ni. Ẹ jẹ́ ká wọlé ná. Tí mo bá ti wọlé, gọ́tà tuntun, síláàbù tuntun."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó sórí àga tí o jókòó sí yìí, ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ikú ni ò jẹ́, Bàbá."

"Ikú ò tètè dé."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu oníkámẹ́rà. Ó fi ọwọ́ bò ó.

Ohùn kan jáde lẹ́yìn kọ́tìnì. "Ẹ kúulé o. Ọmọ mi oníkámẹ́rà, ṣé dáadáa ni?"

Onígbàjámọ̀ mọ ohùn náà. Ohùn oyin ni. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fi gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Dáadáa ni, mà."

"Irú fọ́tò wo lo fẹ́ yà fún wọn?"

"Wọ́n máa dúró lórí síláàbù, mà. Wọ́n máa nawọ́ sókè."

"Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọn ṣe. Ó nawọ́ bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró." Ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri pé àbúrò yóò parí rẹ̀. Kí ló ń parí pẹ̀lú ìnawọ́? Kò ha yẹ kí aráyé rí ọwọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́?"

Oníkámẹ́rà dìde. "Mà, ẹ tún un sọ."

"Bíríkìlà wà nítòsí. Kó po nǹkan díẹ̀, kí ọ̀gá yín fọwọ́ ara wọn dí àárín síláàbù kan sí èkejì. Kí wọ́n ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n làágùn díẹ̀."

"Ọ̀gá!" Ojú oníkámẹ́rà ti là kalẹ̀. "Tí ìyẹn bá fi lè dé ara ògiri lọ́la, ẹ ti wọlé nìyẹn!"

Àbúrò wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ṣé kò ní lẹ̀ mọ́ra? Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń retí nǹkan yìí o."

"Yanrìn àti omi lásán ni, ọ̀gá. Fọ́tò ò lè mọ̀."

"Kó jẹ́ yanrìn o."

"Yanrìn ni, ọmọ mi," ni ohùn ẹ̀yìn kọ́tìnì wí.

Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ pe bíríkìlà. Ó bá a lábẹ́ páànù, ó dé fìlà ẹgbẹ́ Àbúrò. Fìlà ẹgbẹ́ kejì wà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò sí bíríkìlà mìíràn nítòsí.

"Wọ́n ní kí o wá po yanrìn àti omi."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Àbúrò fẹ́ ya fọ́tò. Ó fẹ́ fi dí àárín síláàbù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Bíríkìlà wò ó. "Yanrìn àti omi."

"Ohun tí wọ́n ní kí n sọ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́."

Òun ló gbé obìnrin náà jáde nínú kòtò. Etí rẹ̀ ló gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ṣí fìlà kúrò lórí. Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lé èjìká. Onígbàjámọ̀ bá a gbé ṣọ́bìrì.

Gbogbo òpópónà ló jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun. Àbúrò ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ sórí ìwé ìròyìn nítorí ṣòkòtò rẹ̀, ó di irin ìtẹ́ sìmẹ́ńtì mú bí ẹni di ẹja mú nírù.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀ sí i, sà," ni bíríkìlà wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, sà!" ni oníkámẹ́rà ké. "Áà, òjìji ti bo ojú yín. Ẹ bọ́ sí èkejì."

Àbúrò bọ́ sí èkejì. Níbẹ̀, ẹnìkan gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Ó bọ́ sí ẹ̀kẹta.

"Ọmọ mi," ni ohùn wí láti inú ṣọ́ọ̀bù, "ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ló mọ́lẹ̀ jù!"

Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ náà ti ń dùn mọ́ ọn. Ó ní láti kékeré ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ń wu òun. Àwọn èrò hó. Obìnrin kan nu ojú, ó ní ẹ̀gbọ́n ló tún padà wá sáyé yìí. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo orí wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń fá wọn. Ó mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí lóde. Ti inú wọn kò yà á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ Àbúrò lọ tán, bíríkìlà padà wá, ó tún gbogbo rẹ̀ kì wọlé dáadáa, ó wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn náà ó lọ dé fìlà rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, fọ́tò náà ti wà lára gbogbo ògiri. Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láìtọrọ àyè. Onígbàjámọ̀ kò ya á.

Lọ́jọ́ ìbò, ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó fi ọ̀pá kan kan síláàbù, ó dúró, ó fi èkejì kàn án. Kò mì. Ó kọjá sí títì, ó dúró níbẹ̀, ó wo òpópónà sókè sódò láìsí dígí.

"Ó ti dọ̀tí sí i," ló wí.

"Ṣé ká padà sílé, Arẹwà?" Bẹ́ẹ̀ ló ti ń pè é láti ìgbà ọ̀dọ́.

"Ká padà síbo? Ìbò ni mo fẹ́ dì."

Wọ́n rọra rìn dé ilé-ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Àwọn tó wá gba fìlà pọ̀ ju àwọn tó wá dìbò lọ. Obìnrin náà wọlé, ó jáde.

"Ta lo dì í fún?"

"Gbogbo wọn ni mo tẹ ìka lé. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ṣojúsàájú."

Ọkọ rẹ̀ kò dìbò ní tirẹ̀. Ó ní ìka òun mọ́, kó máa mọ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wọlé. Ta ni ìbá tún wọlé? Ẹni tí wọ́n jọ díje, tí fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó bíríkìlà, kí i kú oríire, ó sì wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ́rì dé. Láti òkè òpópónà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Síláàbù ń bọ́ sínú lọ́rì, gbì, gbì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti ń wá pákó kiri.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, irin tí wọ́n fi ń hú u kò ráyè wọlé. Wọ́n gbé òòlù ńlá. Igun kan fọ́. Síláàbù jókòó síbẹ̀.

Dírẹ́bà wọ ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò ó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi sìmẹ́ńtì mọ síláàbù ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ ń fá orí lọ́wọ́. Kò gbé abẹ kúrò. Ó fi àgbọ̀n júwe ògiri.

Dírẹ́bà jáde lọ wo fọ́tò náà. Ó wo síláàbù. Ó tún wo fọ́tò.

"Ọnọ́rébù fúnra wọn?"

"Fúnra rẹ̀. Wo òógùn lójú rẹ̀."

Dírẹ́bà pe Àbúrò lórí fóònù. Ariwo àwọn tó ń kí i kú oríire ló kọ́kọ́ jáde, kí ohùn rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Dírẹ́bà ṣàlàyé.

"Wọ́n ní yanrìn ni," ni Àbúrò wí.

"Ọ̀gá, kì í ṣe yanrìn. Ṣé ká fọ́ ọ?"

"Ẹ fọ́ ọ kẹ̀? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò mi? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ máa lọ."

Ìyàwó onígbàjámọ̀ ti jókòó síta lórí àga, ó tẹ́ ọ̀pá méjèèjì sórí itan. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló kí wọn.

Lọ́rì náà gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò lọ. Síláàbù mẹ́rin ló kù ní òpópónà náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Igun ọ̀kan ti fọ́.