Ọkọ Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Gbogbo aláboyún tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn kékeré kan l'Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ló mọ Rufus, ọkọ Jíbọ́lá. Òun ló ń gbé báàgì ìyàwó. Òun ló ń dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi ìyàwó, títí kan bóyá ìyàwó sùn dáadáa. Ọkọ rere, àbí? Ojú ayé mà ni o! Ọwọ́ tó ń gbé báàgì yẹn náà ló ti Jíbọ́lá mọ́ ògiri nígbà tí oyún wà lóṣù márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Oyèbọ́lá, àgbà obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà, kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn orin àti àdúrà, ó ní kí Rufus dìde, ó ní irú ọkọ tó yẹ kéèyàn ní nìyí, ó sì ní kí gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Jíbọ́lá náà pàtẹ́wọ́. Kí ni ì bá ṣe? Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà pé kò sẹ́ni tó máa gba òun gbọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí Oyèbọ́lá kì í yẹ̀: ọkọ kì í wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ikùn wò. Rufus bẹ̀ ẹ́, ó rojọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Obìnrin náà nawọ́ sí bẹ́ǹṣì, ó ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti máa ń bi aláboyún kọ̀ọ̀kan, ìyá ìjọ ni o, ìyàwó ọlọ́kadà ni o, bóyá ẹnikẹ́ni ń lù ú nílé. Jíbọ́lá ní rárá o. Bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì rí i. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ," ó ní. "Bí mo bá yin ẹni tí kò yẹ, èmi ni mo ṣìṣe, kì í ṣe ìwọ. Má tìtorí tèmi panu mọ́, ọmọ mi."

Àgbà mélòó ló lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré? Omijé dà lójú Jíbọ́lá.

"Ikùn mi gan-an ni ọkọ mi ń fẹsẹ̀ gbá báyìí, mà."

Oyèbọ́lá kò wàásù, kò sì pàṣẹ pé kó kọ ọkọ sílẹ̀. Ó yẹ ọmọ inú wò, ó ní ọmọ ń bẹ láàyè, ó wá béèrè ohun tí Jíbọ́lá fúnra rẹ̀ fẹ́. Jíbọ́lá ní òun fẹ́ lọ bímọ lọ́dọ̀ Ìyá Kìtán, ẹ̀gbọ́n ìyá òun, l'Oǹdó. Nọ́ọ̀sì fún un ní fóònù tirẹ̀ kó fi pè é, nítorí Rufus a máa tú fóònù ìyàwó rẹ̀ wò. Ó fi iṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì kejì lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó bá a wọ mọ́tò títí dé Oǹdó. Rufus ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Kó máa jókòó!

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kìtán gbé oúnjẹ wá sí yàrá tí Jíbọ́lá sùn sí, ó kàn ṣílẹ̀kùn. Jíbọ́lá ta gìrì, ó fọwọ́ méjèèjì bo ikùn, ó sún mọ́ ògiri. Ìyá Kìtán dúró gbagidi, àwo lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, nínú ilé tó fowó ara rẹ̀ kọ́, obìnrin náà kì í wọ yàrá yẹn láì kọ́kọ́ pè láti ìta pé, "Jíbọ́lá, èmi ni o."