Àpótí Agbára Ìyè

Bí Àmúsà ṣe ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà ni Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ ṣubú lé e láyà bí àpò gààrí. Èémí obìnrin náà ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Julius wí. "Agbára ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀."

Ọdún mẹ́tàlá ni Julius lò lókè òkun kó tó padà sí Ìkòtún, lọ́dún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, jáde tí gbogbo ayé ń ra rédíò. Ó ní agbára ìyè kan wà nínú afẹ́fẹ́, pé igi ń fà á, páànù ń sé e mọ́nú, aláìsàn tó bá jókòó sáàárín wọn yóò sì mu ún bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò. Àmúsà, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kan àpótí náà: pákó lóde, òwú láàárín, páànù nínú. Ó mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán ló ń mú un gbóná, kì í ṣe agbára kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń ti Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò wá, wọ́n ń pe Àmúsà ní Ẹnjiníà. Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn: ó mú ìyàwó tirẹ̀, tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, wá jókòó nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Lójú àwọn tó tò sórí ìlà de àpótí yìí? O fẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ jẹ́ ni?"

Àmúsà wo ìlà náà. Ó gbé Sìdíkátù padà sínú àpótí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Títí ló figbe ta lórí ìlà. Òun ló dá ọkọ̀ akópákó dúró, òun ló sì bá wọn gbé aláìsàn sẹ́yìn rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà Ọláídé fa omi sí Sìdíkátù lára, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó tó wákàtí mélòó kan kó tó bá Àmúsà sọ̀rọ̀.

"Ìdààmú ọkàn náà máa ń ru àìsàn yìí sókè, bàbá. Ara àti ọkàn, ọ̀kan náà ni wọ́n."

Inú Àmúsà dùn. "Ohun tí ọ̀gá wa ń wí gan-an nìyẹn!"

"Ṣùgbọ́n ọkàn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ta ló ní kó dá abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ dúró?"

Àmúsà rántí òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Julius ti sọ fún un pé ọkàn tó bá pín sí méjì kì í gba agbára. Àmúsà kó àwọn ìgò abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó ń fọ́ wọn mọ́ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìdíkátù kúnlẹ̀: "Bàbá Hàbíbátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi." Ó fọ́ ẹyọ kan yẹn náà.

"Òun fúnra rẹ̀ ni," ló sọ fún dókítà. "Olórí kunkun ni, jàre."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Àmúsà yíjú sí bẹ́ẹ̀dì, ojú Sìdíkátù là sílẹ̀ kedere. Ó ti gbọ́ irọ́ náà. Kò sunkún.

"Dókítà," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ, "ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣáṣá, kó wá mú mi."

"Ọkọ yín tó dúró yìí ńkọ́?"

Sìdíkátù pa ojú rẹ̀ dé, ó kọjú sí ògiri. Ó yé Àmúsà pé ó máa yè. Ó sì yé e pé kì í ṣe ilé òun ló máa padà sí.