Gíà Ọkọ̀ Bàbá

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Kòsinmi wọn ìdí ẹ́ńjìnnì náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, àfi bí ẹni pé irin máa ń sún kiri lójú oorun. Obìnrin mẹkáníìkì ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dájú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà níwájú rẹ̀ yìí. Kòsinmi ti fi ẹ́ńjìnnì mìíràn rọ́pò èyí tó kú. Gíà ló kù. Láti oṣù mẹ́sàn-án ni àìsàn ti mú ẹsẹ̀ òsì bàbá, kò lè fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí kò bá rí gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ tí bàbá sì ti jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Gíà méjì ni ọkùnrin tó ń ta àlòkù gbé kalẹ̀ fún un. Ọ̀kan jẹ́ oníìpele mẹ́ta: kò nílò kọ̀ǹpútà, kò ní wàhálà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á máa pariwo tí eré bá pọ̀. Èkejì jẹ́ oníìpele mẹ́rin: jẹ́ẹ́ ni lórí títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ lè da orí ọlọ́gbọ́n rú.

Kòsinmi ń yí wọn ká bí adìẹ tó ń wá ibi yé sí. Ó ní òun mú onímẹ́ta. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà: onímẹ́rin ni.

"Ọ̀gá mi," ọkùnrin náà ní, "ṣé gíà lẹ fẹ́ rà ni àbí ọkọ lẹ fẹ́ fẹ́? Ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí o. Ta ló fẹ́ wa ọkọ̀ ọ̀hún gan-an?"

"Bàbá mi ni."

"Kí làwọn fúnra wọn wí?"

Kòsinmi kò tíì bi bàbá léèrè rí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, abẹ sì ti wà lọ́wọ́ tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú tì í. Ó sáré lọ sílé.

Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé náà tán.

"Ibo lẹ fẹ́ máa wà á lọ, Bàbá?"

"Ìkòríta," ni bàbá dáhùn. "Kí n lọ, kí n bọ̀."

Ìkòríta! Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dun Kòsinmi pé ayé bàbá òun ti kéré tó báyìí, ṣùgbọ́n ó ra onímẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ó jókòó ti bàbá nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òsì náà rá pálá lórí ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń wá kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹná. Ọkọ̀ gbéra.

Wọ́n dé ìkòríta. Bàbá kò yà.

"Bàbá, a ti kọjá ìkòríta o."

"Mo rí i."

Títì márosẹ̀ là sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í han goorogo.

"Ẹ ò rí ariwo yìí!" Kòsinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ká ní mo mọ̀ ni, onímẹ́rin ni ǹ bá—"

"Jẹ́ kó pariwo," ni bàbá wí. "Oṣù mẹ́sàn-án lèmi fi dákẹ́."

Ó tún tẹná mọ́ ọn.