Kí Ni Ẹ Dà Sínú Àgbàlagbà?

1.

…kò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Kúláńtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) tó pupa, pupa ni kó jẹ́ títí. Èyí tó ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé ni kó jẹ́ títí. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú rédíétọ̀ kan, wọ́n á ki bí ẹrẹ̀, ooru á sì pa ẹ́ńjìnnì.

(Òkè ìwé náà ti ya. Ara ilẹ̀kùn sítóò ni mo ti ṣí i. Ẹnì kan kọ sí abẹ́ rẹ̀: ÀWỌ̀ EWÉ NI. Ẹlòmíràn kọ sí abẹ́ ìyẹn: PUPA NI. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa bá mi bọ̀.)

2.

Àwọn tọ́rọ̀ kàn:

*Àgbàlagbà.* Tírélà ni. Bàbá wọn tó ti lọ ló rà á, òun ló fi ọ̀dà kọ orúkọ náà sí i níwájú orí.

*Màmá.* Opó Bàbá, ìyá Bùọ̀dá àti Àbúrò. Òun ló ni ọgbà ọkọ̀ báyìí.

*Bùọ̀dá.* Mẹkáníìkì. Àwọ̀ ewé ni Bàbá ń lò, àwọ̀ ewé lòun náà máa lò dọjọ́ alẹ́.

*Àbúrò.* Mẹkáníìkì lòun náà, obìnrin bí iná. Ó lọ kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó kó ìwé-ẹ̀rí àti gálọ̀nù pupa bọ̀. Bùọ̀dá pè é ní "Alákọ̀wé Onípupa" lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, òun àti Bùọ̀dá kò bára wọn sọ̀rọ̀. Oṣù márùn-ún rèé.

*Oníirin.* Ó máa ń ra ọkọ̀ tó ti kú, ó ń wọn irin rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

3.

ÌKÉDE

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àgbàlagbà ti hó lórí òkè. Bó bá hó lẹ́ẹ̀kẹta, mo máa tà á fún Oníirin. Lọ́jọ́bọ̀, tó bá tún ń gun òkè, èmi fúnra mi máa jókòó níwájú, kí n fi ojú ara mi wo géèjì ooru.
Èmi ni, Màmá.

4.

Àbúrò ka ìkéde yẹn, àyà rẹ̀ já. Abẹ́ Àgbàlagbà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Ibẹ̀ náà ni Bàbá ti kọ́kọ́ pè é ní ọ̀gá. Ó jókòó sórí táyà, ó sunkún díẹ̀. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ó nu ojú, ó gbé gálọ̀nù pupa.

Ó ṣí ẹnu omi abẹ́ rédíétọ̀. Àwọ̀ ewé tú jáde títí ó fi dá. Ó da pupa sí i, ìdajì kúláńtì, ìdajì omi bátìrì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n ikùn ẹ́ńjìnnì ní ẹnu tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì omi aláwọ̀ ewé náà sì ṣì wà níbẹ̀. Sípánà kan ṣoṣo tó lè tú bóòtù ẹnu yẹn wà lápò Bùọ̀dá. Wáṣà tí wọ́n lè fi dí i padà wà ní dúrọ́ọ̀ Àbúrò. Kí ẹnì kan kàn sọ pé "ẹ jọ̀ọ́" ló kù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

5.

ÌWÉ ẸNUBODÈ (ọwọ́ Aṣọ́bodè)

Ajé, aago méje: Àbúrò wọlé, gálọ̀nù pupa. Ohun tó wá ṣe: "Mo wá kí Àgbàlagbà."
Aago mẹ́jọ: Ó jáde. Gálọ̀nù ṣófo.
Aago mẹ́sàn-án: Bùọ̀dá wọlé, gálọ̀nù aláwọ̀ ewé. Ohun tó wá ṣe: "Mo wá kí i."
Aago mẹ́wàá: Ó jáde. Gálọ̀nù ṣófo.
Ìṣẹ́gun: Bákan náà.
Ọjọ́rú: Bákan náà, àmọ́ Bùọ̀dá ló kọ́kọ́ dé.
Oníirin wà lẹ́nubodè látàárọ̀, òun àti òṣùwọ̀n rẹ̀. Mo ní kí ló wá ṣe. Ó ní mọ̀lẹ́bí aláìsàn lòun.

6.

(Wọ́n fi ìka kọ ọ́ sínú eruku, lára rédíétọ̀.)

Ẹni tó ń fọwọ́ kan ibí yìí, kó ṣọ́ra.

Ẹni tó kọ ti òkè yìí, kó ṣọ́ra.

7.

Ọjọ́rú, ọ̀sán. Orí fóònù.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú ọjà o. Ìwé pélébé tí mo rà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ń tì bọ kúláńtì láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, àwọ̀ mélòó ló ní?
ÒǸTÀJÀ: Méje.
ÀBÚRÒ: Èmi rí ìkẹjọ.
ÒǸTÀJÀ: Báwo ló ṣe rí?
ÀBÚRÒ: Bí ojú ẹni tí inú ń bí.
ÒǸTÀJÀ: Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Kó má ku ẹ̀kán kan nínú ikùn ẹ́ńjìnnì.

Àbúrò wo dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo àpò Bùọ̀dá.

8.

Kò bèèrè sípánà.

10.

(Ẹ má wá ìkẹsàn-án. Epo ti bò ó, mi ò rí i kà.)

Ọjọ́bọ̀, nínú Àgbàlagbà, ẹsẹ̀ òkè. Bùọ̀dá ló ń wa ọkọ̀. Màmá wà láàárín. Oníirin ń tẹ̀ lé wọn lórí alùpùpù, òṣùwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

BÙỌ̀DÁ: Màmá, ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó yéé mi ẹsẹ̀.
ÀBÚRÒ: Màmá, ẹ sọ fún awakọ̀ yín kó wo iwájú.
MÀMÁ: Géèjì ń gòkè.
(Bùọ̀dá fi ìka gbá géèjì.)
MÀMÁ: Kí ni ẹ dà sí i?
ÀBÚRÒ: Pupa.
BÙỌ̀DÁ: Àwọ̀ ewé.
MÀMÁ: Nígbà wo?
ÀWỌN MÉJÈÈJÌ: Ojoojúmọ́.
MÀMÁ: Yéè! Mo rò pé ọmọ ni mo bí!
ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá, ẹ dúró! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́!

(Ó dúró.)

ONÍIRIN: Màmá, ṣé ó ti hó?
MÀMÁ: Kò tíì hó. Ó ń ronú.

11.

(Lára ìdérí rédíétọ̀.)

*MÁ ṢÍ ÌDÉRÍ NÍGBÀ TÓ BÁ GBÓNÁ. DÚRÓ.*

12.

Wọ́n dúró. Ogójì ìṣẹ́jú, etí ọ̀nà.

BÙỌ̀DÁ: Sípánà nìyí.
ÀBÚRÒ: Wáṣà nìyí.
BÙỌ̀DÁ: O mú un dání?
ÀBÚRÒ: Látàná. Mò ń retí kẹ́ ẹ bèèrè rẹ̀.
BÙỌ̀DÁ: Èmi náà ń retí.
MÀMÁ: Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Oníirin, gbé òṣùwọ̀n rẹ wá.
ONÍIRIN: (inú rẹ̀ dùn) Ẹ gbà, Màmá.

13.

ÌWÉ ẸNUBODÈ

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta: Oníirin dé. Òun nìkan. Kò sí òṣùwọ̀n. Ó ní Màmá ló jókòó lé e, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọ́n rán an wá gbé omi bátìrì, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, kí wọ́n fi ṣan ikùn ẹ́ńjìnnì. Mo ní, àwọ̀ wo ni wọ́n máa wá dà sí i? Ó ní Bùọ̀dá àti Àbúrò ṣì ń jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń bá jà báyìí, wọn kò rán Màmá mọ́. Ó di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó sáré lọ. Oníirin, tó ń sáré kí ọkọ̀ má baà kú.

Mo fi àyè sílẹ̀ fún aago tí Àgbàlagbà máa wọlé: