Àlejò Tó Gbọ́ Èdè Ìkòkò

Ẹ fara balẹ̀, kí n rò fún yín ohun tí Ìbídùnní bá pàdé lójú oorun lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá.

Ìbídùnní ló ń ya plánì ilé fún àwọn èèyàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Adéṣínà, ló ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ṣí ojú-ewé kan tí wọ́n fi ń ya ilé lórí búráúsà tó fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú-ewé náà ní kí ó jẹ́ kí òun kó irinṣẹ́ òun wọ inú ẹ̀rọ náà gan-an, kí iṣẹ́ lè yá. Kò kà á tán tó fi tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Níbi tó ti ń dúró dè é ni oorun ti gbé e lọ.

Nínú àlá, fèrèsé ilé ni búráúsà náà. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀, ògbufọ̀ ni. Ohun tí ará ìta bá fẹ́ sọ fún nǹkan inú ilé, òun ló ń tú u. Ọ̀rọ̀ tí kò bá dára, á gbé e mì. Ó ti gbé púpọ̀ mì, ikùn rẹ̀ ti rí bí àmù. Kò ya Ìbídùnní lẹ́nu.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù yọ lójú fèrèsé.

"Ẹ sinmi, màmá. Èmi gbọ́ èdè ilé yìí bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀."

Ó wọlé. Ó bá rúlà sọ̀rọ̀, rúlà sì ya ilé alájà kan kí Ìbídùnní tó ṣẹ́jú. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ bu omi wá fún àlejò. Àfi bó ṣe dé ilé ìdáná tó bá gbogbo ìkòkò lórí iná, tí wọ́n ń hó yàà.

"Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí?"

"Àwọn ará ibòmíràn ni," ìkòkò kan dáhùn. "Àlejò yín ní ká máa sè é lọ, pé igi ìdáná yín pọ̀."

Ó sáré wọ yàrá. Àlejò ti jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù sì ń rojọ́ fún un: Ìbídùnní ti ra ilẹ̀ sí ìlú Orù, ó fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́.

"Kí ló dé tó o fi sọ fún un?"

"Èdè ìyá mi ló fi bi mí," ni kọ́bọ́ọ̀dù wí. "Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè kọ̀."

Ìbídùnní pa kọ́bọ́ọ̀dù dé. Kí Bọ̀dá Adéṣínà má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta! Ó gun okùn aṣọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí àlejò, èyí tó léfòó sókè òrùlé.

"Òǹtẹ̀ wa wà lára rẹ̀," ni ọ̀gá ibẹ̀ wí. "Ẹni iyì ni." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ìbídùnní kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ iyì kọ́ ni mo bi yín. Kí ni ọkùnrin náà lè fọwọ́ kàn nínú ilé mi?"

"Mèè," ni ọ̀gá wí.

Ìbídùnní rí i pé ọwọ́ òun ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó ya yàrá kan sí àárín ilé. Bó ṣe ń yà á ni ògiri ń dìde, bíríkì àjèjì tí kò gbọ́ èdè ilé rárá. Ihò kan ṣoṣo ló fi sí i, ó sì gbé àga ìyá ògbufọ̀ síbẹ̀.

"Ẹ wọlé síbí, sà. Iṣẹ́ yín dára, ẹ máa ṣe é lọ. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá."

"Ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mi ò tíì mọ̀ yín ni."

Àlejò wọlé. Ó pe ògiri, ògiri dití. Iná ilé ìdáná rọlẹ̀. Kò pẹ́ tí plánì rèǹtèrente bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ihò.

Ìyá arúgbó fi etí lé ògiri. "Ó ń wá ibi tó ti lanu."

"Ẹ jẹ́ ó máa wá a. Mo ti po sìmẹ́ǹtì sílẹ̀."

Kíkan ilẹ̀kùn ló jí i. Ọkùnrin kan tó ń tún iná mànàmáná ṣe ló dé, ó ti ki ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Ẹ má wulẹ̀ dìde, àǹtí. Mo mọ ọ̀nà yàrá."

Ìbídùnní dìde. "Dúró síbẹ̀ ná," ó ní. "Wáyà wo lo fẹ́ wò?"