Ẹṣin Inú Orí Ìyá Wúràọlá

Ní ọdún kejì tí iná ìgbẹ́ jó oko kòkó ráúráú, tí ọṣẹ àti mílíìkì di ohun tí à ń tò fún láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀rọ̀ kan bá Ìyá Wúràọlá nílé ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́. Májẹ́kódùnmí, tí oko rẹ̀ àti oko ọkọ ìyá tó ti dolóògbé jọ pààlà l'Óǹdó, ránṣẹ́ pé òun máa gbin kòkó tuntun ní Sátidé. Iná sì ti jó pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Bí ìyá ò bá wá fi ojú ààlà han òun, ibi tí ojú òun bá tó ni òun máa gbìn dé.

Ìyá nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbin pèrègún yẹn, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àmọ́ kò rántí. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó dijú, òkùnkùn ló rí. Ó ní orí òun ti di apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ já, òórùn ẹja gbígbẹ nìkan ló kù nínú ẹ̀.

Kíkẹ́, ọmọ Wúràọlá, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kí ìyá àgbà má bú orí ara wọn. Ó ní ohun kékeré kan wà nínú ọpọlọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ẹja òkun kan tó lórí bí ẹṣin. Hipokámpọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ síni, òun ló ń di ohun tí ojú rí, òórùn tí imú gbọ́ àti ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí pọ̀ bí ìdì igi. Lọ́jọ́ iwájú, bí ọwọ́ bá tún kan ẹyọ igi kan, gbogbo ìdì lè tẹ̀ lé e.

"Ẹṣin wà lórí mi, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà láti ọjọ́ yìí?" ni ìyá wí.

"Ìyá àgbà, yàrá lẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ń wá ohun tó wà lóko. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Ní Sátidé, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Òǹdó. Ìyá rìn sókè, ó rìn sódò, kùkùté dúdú ló kún ibẹ̀. Májẹ́kódùnmí ní kí wọ́n lọ sinmi, àgbà ló dé sí wọn. Àmọ́ ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ìyá. Ó yà sẹ́yìn àpáta kan, ó káṣọ sókè, ó lóṣòó.

Òórùn ewé jíjẹrà gbá a nímú, àpáta tútù kan ìdí rẹ̀, ló bá kígbe pé, "Ìjàlọ!"

Wọ́n sáré dé, wọn ò rí èèrà kankan. Ìjàlọ ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan, ó ń sọ bí òun ṣe lóṣòó síbí gan-an lọ́jọ́ náà, tí ìjàlọ bo òun nídìí, tí òun bọ́ ìró sọnù, tí òun sì sáré tààrà lọ kọ lu ọkọ òun níbi tó ti ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí pèrègún. Àwọn méjèèjì ló ṣubú lé e.

Ó kọ̀yìn sí àpáta, ó tún sáré ọjọ́ náà, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Ó dúró.

"Ibí ni."

Kíkẹ́ fi ọkọ́ wa eérú kúrò. Kùkùté pèrègún kan yọjú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀mùnú kan tó rí bí ìka ọwọ́ sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀. Májẹ́kódùnmí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní kí Ìyá Wúràọlá má bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn kòkó rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Inú ìyá dùn, ó ń kọrin lọ sójú títì. Wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, ọkọ̀ ti gbéra, kí ìyá tó rántí pé òun ò tíì tọ̀.